Mo Rò Pé Mo Fi Ọ́ Pamọ́ Ni

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé orí kò fọ́ ọ, ṣé o ń jẹun, ṣé o kì í mu omi tútù sí ikùn tó ṣófo? Mo mọ̀ pé tákàdá kò lè dá mi lóhùn, síbẹ̀ mo dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kí n tó kọ òmíràn, nítorí ó yẹ kí á fún ẹni tí à ń kí láàyè kó dáhùn. Kí Ọlọ́run tó mọ yàrá tí o ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn máa ṣọ́ àtẹ̀gùn náà fún ọ, ní àlọ àti ní àbọ̀. Kí aburú tó ń lé ẹgbẹ́ rẹ má lé ọ bá. Kí àga onítáyà tí o ní o ń jókòó sí níbi iṣẹ́ má yí gbirigbiri gbé ọ kọlu ògiri. Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ó ní kí n má fi gbogbo tákàdá ṣe àdúrà, kí n tètè dé orí ọ̀rọ̀.

Ibùdókọ̀ ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí bẹ́ǹṣì àwọn èrò, itan mi ni mo fi ṣe tábìlì. Awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni yóò bá mi mú un wá, ó sì ní òun kò ní lọ àfi bí ọkọ̀ òun bá kún. Bí mo bá wo bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ ṣe pọ̀ tó, mo ń bẹ Ọlọ́run kí èrò má tètè dé. Bí mo bá rántí ìdí tí mo fi ń kọ̀wé, mo ń bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n sáré wá. N kò mọ èyí tí yóò gbọ́ nínú àdúrà méjèèjì.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni mo fẹ́ kọ ṣáájú, bí bírò yìí bá gbẹ lójijì: má buwọ́ lu ìwé àdéhùn tuntun tí wọ́n gbé fún ọ. Èmi kò bínú sí ọ, n kò bínú rárá. Bí mo ṣe dákẹ́ yẹn, kì í ṣe pé mo ní kí o fara dà á. N kò gbọ́ ni. Àlàyé ni ìyókù, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, kà á, kí o má baà rò pé bàbá rẹ ti ń ṣarán.

Ilé wà dáadáa, bí ènìyàn bá wò ó láti òkèèrè. Òjò ti tún wọ ògiri ẹ̀yìn. Orúnkún ìyá rẹ ń dùn ún bó bá ti ń gun àtẹ̀gùn, a sì dúpẹ́ pé kò sí àtẹ̀gùn nílé wa. Adìẹ funfun yẹn pa ọmọ, àṣá gbé ọ̀kan lọ nínú wọn, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ojú ọ̀run, ọrùn sì ti ń ro mí. Àbúrò mi télọ̀ rán ṣòkòtò kan fún mi, ọ̀rọ̀ ṣòkòtò náà sì wọnú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, n ó dé ibẹ̀.

O rántí ọjọ́ tí o gbé fóònù yìí wá fún mi. O yí èdè inú rẹ̀ padà sí Yorùbá, kí n má baà máa wá ìtumọ̀ èdè òyìnbó kiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo sì yege. O jókòó tì mí ní pálọ̀, o ń kọ́ mi ní èyí tí à ń tẹ̀ àti èyí tí a kì í tẹ̀. O ní bí nǹkan tí n kò fẹ́ rí bá yọjú, kí n tẹ àwọn àmì mẹ́ta tó tò léra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìgbẹ́ eṣinṣin, kí n wá tẹ ibi tí wọ́n kọ Fi pamọ́ sí. Gbogbo ẹ̀kọ́ náà ni mo gbọ́ yékéyéké, àfi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ìgbà yẹn gan-an ni ìyá rẹ ń pariwo pé ewúrẹ́ ti wọ ilé ìdáná. Nígbà tí mo fi máa yí ojú padà sí ọ, o ti dé ibi Fi pamọ́.

Ọmọ mi, má bínú o, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún àwọn tó ṣe fóònù pé ohun tí ènìyàn kò fẹ́ ló ń fi pamọ́? Ohun tí a kò fẹ́, a ń dà á nù ni. Ìwé ilẹ̀ là ń fi pamọ́. Ẹran tó dára jù nínú ìkòkò ni ìyá rẹ máa ń fi pamọ́ dè mí, egungun ló ń gbé síta. Nínú àdúrà pàápàá, a ń bẹ Ọlọ́run kó fi wá pamọ́, kò sì sí ẹni tó rò pé orí ààtàn ni Ọlọ́run yóò gbé wa jù sí. Wọ́n tún ya ojú kan tó dijú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, áà, ojú tó ń sùn nìyí, ohun tí mo bá fi síbẹ̀ yóò fọkàn balẹ̀ sùn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ́ pamọ́ nìyẹn. Àwòrán tí o yà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́, pẹ̀lú káàdì lọ́rùn, mo fi pamọ́. Èyí tí o gé irun, tí o wá jọ ìyá mi bí ẹni pé òun ló yọ jáde, mo fi pamọ́ kíákíá kí ẹnikẹ́ni má jí i. Nígbà tó yá, mo fi orúkọ rẹ pamọ́ pẹ̀lú gbogbo ohùn tí o bá fi ránṣẹ́. Wọ́n pòórá lójú mi, inú mi sì dùn, mo ní bí ilé ìfowópamọ́ ṣe rí nìyẹn, ṣé ènìyàn ń rí owó rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tó bá ti gbé e fún wọn? Àbúrò mi télọ̀ tó máa ń fi àdúrà ránṣẹ́ láràárọ̀, mo fi òun náà pamọ́, ọmọ ìyá ẹni kì í ṣe ohun tí à ń gbé síta. Àwọn nǹkan játijàti tó ń gba iwájú mi kọjá, ìjà, èébú, ọkọ̀ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, n kò fọwọ́ kàn wọ́n. Mo fi wọ́n sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa gbé wọn lọ.

Lẹ́yìn náà, o dákẹ́.

O mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Bí o bá pẹ́ nílé ìwẹ̀ nígbà kékeré, mo ti ń kan ilẹ̀kùn. Mo ní bóyá àìsàn ni. Mo ní bóyá ó bínú sí wa. Mo ní bóyá àpótí tó ń gbé ènìyàn ròkè nílé iṣẹ́ wọn ti há pẹ̀lú rẹ̀ nínú, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Ìyá rẹ ní ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ kan lọ́nà ọ̀fun, òun mọ̀ ọ́n lára. Mo ní n ó lọ wò ó fúnra mi. Ó ní kí n dẹ̀yìn, pé bí mo bá sọnù sí ìlú ńlá, ẹni méjì ni òun yóò máa wá. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ nínú fóònù. Bí ọkọ̀ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, n ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà, n ó wo ojú gbogbo àwọn tó dùbúlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ìwọ ni. Bí ilé kan bá ń jó, ojú fèrèsé rẹ̀ ni n ó máa wò títí iná yóò fi kú. Bí wọ́n bá ń lu ẹnì kan, n ó dúró títí yóò fi gbójú sókè, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ mi. Wọ́n ní ohun tí ojú bá ń wá lojú ń rí. Irọ́ ni. Ìwọ ni ojú mi ń wá. Ohun tí mo rí kò ṣeé kọ sínú ìwé tí ìyá rẹ lè rí kà.

Ó wá dà bíi pé bí mo ṣe ń wò ó tó ni ó ń pọ̀ sí i tó. Mo rí ọkùnrin kan tó ń fi wáyà lu ọmọ kékeré, ẹni tó di fóònù mú tó ń ya àwòrán náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni n kò lè gbàgbé. Ó wọ̀ mí létí débi pé bí ìyá rẹ bá rẹ́rìn-ín nínú ilé, n ó ta gìrì. Mo ń jẹ ẹyin lọ́wọ́, ṣíbí já bọ́. Ìyá rẹ wò mí, ó wo fóònù, ó ní ibà ti mú nǹkan yìí, ó sì ti ràn mí, ó ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe.

Ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni mo gbé e lọ, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Arẹ́rìn-ín. Yàrá rẹ̀ há, tábìlì kan ló gba gbogbo rẹ̀, ó tú àwọn fóònù sílẹ̀ lórí rẹ̀ láìléèpo bí ẹja tí wọ́n la inú rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe fóònù. Mo ní ibà ni. Ó ní kí ni mo máa ń tẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un tìgbéraga-tìgbéraga bí mo ṣe ń fi àwọn ohun iyebíye pamọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní Bàbá, ẹ ti ń sọ fún fóònù láti ọjọ́ yìí wá pé ẹ kò fẹ́ rí ọmọ yín sójú. Ó ní bí ọmọ ọ̀dọ̀ ni fóònù ṣe rí, ojú ọ̀gá rẹ̀ ló ń wò: ohun tí ẹ bá tẹjú mọ́, yóò rò pé òun lẹ fẹ́ràn, yóò lọ kó irú rẹ̀ wá, ohun tí ẹ bá ní kó fi pamọ́, yóò gbé e kúrò níwájú yín. Ó pe àbúrò mi pé kó wá gbọ́ nǹkan. Télọ̀ dé, pẹ̀lú okùn tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn, ó ní háà, ìdí tí òun fi ránṣẹ́ pé òun ti rán ṣòkòtò tán tí ẹ̀gbọ́n òun ṣì ń gbé èyí tó ya kiri ìgboro nìyẹn. Ó ní ṣé èmi ni ẹ fi pamọ́, ọmọ ìyá yín? Mo ní bí wúrà ni mo ṣe fi ọ́ pamọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, èmi kì í ṣe wúrà o, ènìyàn ni mí, ohun ẹlẹ́ran-ara tí a bá fi pamọ́ pẹ́, ìdin ní í bá a. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín díẹ̀.

Arẹ́rìn-ín wá ṣí ibi tí mo fi gbogbo yín sí. Àwọn àwòrán rẹ jáde wá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ohùn rẹ. Ó tẹ ọ̀kan, ó jẹ́ kó ké sókè nítorí ẹ̀rín kò tíì tán nílẹ̀. Nígbà tí o fi máa sọ̀rọ̀ dé àárín, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Arẹ́rìn-ín rẹ ohùn náà sílẹ̀, ó gbé fóònù lé mi létí, òun àti télọ̀ sì bọ́ síta, wọ́n dúró sínú oòrùn.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọmọ mi. Mo gbọ́ pé ohun tó burú jù tí àwọn ènìyàn bá gbé sínú fóònù ni wọ́n ń tò síwájú rẹ níbi iṣẹ́ láti àárọ̀, pé o gbọ́dọ̀ wò ó kí o tó lè sọ pé kí wọ́n yọ ọ́, pé bí o bá yọ ọ̀kan, òmíràn ti dé. Mo gbọ́ pé o kò lè jẹ ẹran mọ́. Mo gbọ́ pé bí o bá dijú, nígbà náà ni àwọn àwòrán náà ń lajú. Mo gbọ́ ibi tí o ti ní o fẹ́ wá sílé sinmi, ṣùgbọ́n pé bàbá rẹ ti sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ òun ni wolé-wolé inú fóònù, ojú wo ni o fẹ́ fi padà wá sọ pé o kò lè ṣe é? Mo gbọ́ èyí tó kẹ́yìn, pé ìparí oṣù yìí ni wọ́n fẹ́ kí o buwọ́ lu ti ọdún mìíràn, pé bí o kò bá gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi, o mọ̀ pé mo ní kí o fara dà á nìyẹn, wàá sì buwọ́ lù ú.

Òótọ́ ni, mo sọ ọ́ kiri. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ní ibi tí a ti ń ra búrẹ́dì, ibi gbogbo ni mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa wolé-wolé fún ọ, nítorí mo rí wọn nígbà tí mo wà nílé ìwé. Èyí tó wá sílé wa wọ ṣòkòtò kákí, ó ṣí ìkòkò omi wa, ó rí tanwíìjí nínú rẹ̀, ó da omi náà nù, ó bú bàbá mi, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó yẹ omi wò. Kò sí ẹni tó ní kó mu ún. Ìwọ, ọmọ mi, wọ́n ń fún ọ mu. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bù ú fún ọ mu, wọ́n sì ní kí o buwọ́ lùwé pé wàá mu ti ọdún mìíràn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí pé nípasẹ̀ àṣìṣe ìka mi, mo ti ṣe iṣẹ́ rẹ díẹ̀ láìgba owó oṣù. Mo wò ó fún ìgbà kúkurú, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sì jẹ́ àgbàlagbà tó ti sin òbí.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé bí ẹnì kan kò bá kó o kúrò lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ kéékèèké ni yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àwọn tí kò rí nǹkan kan rí, ìwọ ni o kò jẹ́ kí wọ́n rí i, wọn kò sì lè dúpẹ́ nítorí wọn kò mọ ohun tí wọn kò rí. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo bá wọn dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó tó. Kí ẹlòmíràn gba ìgbálẹ̀.

Mo pè ọ́ lójú ẹsẹ̀. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ dára ṣùgbọ́n kò ní sùúrù. Ó ní o kò sí nítòsí, pé kí n fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ wo ni n ó fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ mi? Mo bi í pé bí òun bá lọ́mọ, ṣé òun yóò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀? Ó kàn fọn fèrè kan sí mi létí. Mo tún pè, ó tún sọ bákan náà, kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé a ti jọ sọ̀rọ̀ rí. Bó bá jẹ́ ọ̀gá yín ni, ìdí mìíràn nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, bá mi kí i, ṣùgbọ́n sọ fún un pé àgbà kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Arẹ́rìn-ín bá mi tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ pẹ̀lú, ó ní àmì kan ṣoṣo ló ṣì wà lára rẹ̀, pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo rántí pé o ní inú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń ti fóònù yín mọ́. Ìdí tí mo fi ra tákàdá nìyẹn.

Ìyá rẹ ti ń gbá yàrá rẹ. Ó ti kó àwọn àpò tí mo tò síbẹ̀ jáde, ó ń bú mi bó ṣe ń kó wọn. Bí o bá dé, ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ léèrè nǹkan kan. Bí o bá fẹ́ sọ, èmi ni kí o sọ fún, kì í ṣe ìyá rẹ, kì í sì í ṣe nídìí oúnjẹ. Bí o kò bá fẹ́ sọ, a ó jọ máa ṣọ́ àṣá. Ní ti àwọn ará àdúgbò, má ṣèyọnu. Mo ti sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ pé ọmọ mi ti gbá inú fóònù tán, ó ń bọ̀ wálé. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí ọ kú iṣẹ́. Arẹ́rìn-ín yọjú láti ìta, ó ní ìdọ̀tí inú fóònù kì í tán láéláé. Mo ní ìyẹn gan-an ló fi yẹ kó sinmi.

Owó tí mo máa ń tọrọ, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Ó ku owó gíláàsì ojú mi nìkan. Ojú kan nínú gíláàsì mi ti là, mo ń fi èkejì kà, ṣùgbọ́n kò kánjú o, bó bá sì jẹ́ pé owó ọkọ̀ rẹ ni yóò pa lára, gbàgbé rẹ̀, mo ti fi ojú kan kàwé rí. Má gba ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Jókòó sí àárín.

Kí Ọlọ́run fọ ojú rẹ mọ́. Kí ó mú oorun padà bọ̀ sí ojú tí ó ti sá kúrò. Kí ohun tí o rí má tẹ̀lé ọ wọlé. Kí oúnjẹ máa dùn lẹ́nu rẹ. Kí ọmọ aráyé fi ohun rere hàn ọ́ débi tí wàá fi gbàgbé pé wọ́n mọ búburú í ṣe. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.

Èrò ti pé. Awakọ̀ ń fun fèrè. Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbí, ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún rìn wá, ó ní mo gbàgbé ohun kan, kí n kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: ó ní bí ìwé wa bá pẹ́ lọ́nà, tí o sì ti buwọ́ lu tiwọn kó tó dé, kí o má sunkún. Ó ní ọwọ́ rẹ ló buwọ́ lùwé, ẹsẹ̀ rẹ kò buwọ́ lu nǹkan kan. Máa bọ̀.